Òrùka Tó Sọnù ní Marseille

"Mo fún un dì mú, kò dá a padà. Kí ló tún kù tí o fẹ́ wádìí níbẹ̀?"

Bí Àlhájà Rùkáyátù ṣe fi ọ̀rọ̀ pàdé Àrìnkẹ́ nìyẹn ní pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Naperville. Kò tíì ní kó jókòó. Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ló wá fi ara rẹ̀ jókòó.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Àrìnkẹ́ Adéwọ̀yìn. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan ló ń bá ṣiṣẹ́ láàárín ìgboro Chicago, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kó mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé tó jóná àti ilé tí onílé dáná sun. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ Yorùbá ìlú náà ti sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ké sí bí nǹkan bá sọnù tí wọn kò fẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́. Aago olóògbé ló máa ń so mọ́ ọwọ́. Aago náà tóbi jù ú lọ, bó bá sì ń ronú, á máa yí i po, yí i po.

Hakeem, àkọ́bí Àlhájà, ló pè é. Ọ̀gá ni Hakeem ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìyá rẹ̀ lónìí, ó dúró bí ọmọ tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Àlhájà ní òrùka wúrà olókùúta pupa kan, tí ọkọ rẹ̀, olóògbé Àlhájì Daud, rà fún un ní Mẹ́kà. Hakeem ní àfẹ́sọ́nà, Mutmainnah, nọ́ọ̀sì ni. Kí ìyá lè mọ ìyàwó dáadáa ni Hakeem ṣe kó wọn lọ sí Marseille, ìlú etí òkun nílẹ̀ Faransé: òun, ìyá rẹ̀, Mutmainnah, àti Fàdìlàt àbúrò rẹ̀. Ìrìn àjò tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ló tú wọn ká. Òrùka sọnù, Àlhájà sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹgbẹ́ àsálátù rẹ̀ pé ìyàwó tí ọmọ òun fẹ́ fẹ́, olè ni.

Ọjọ́ Àìkú làwọn àgbà mọ́sálásí ń bọ̀ wá dá ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì. Àlhájà ti ní bí òrùka kò bá jáde, kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n yìgì nìkan kọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wọ yàrá àwọn aláìsàn tọ̀sán-tòru, bí wọ́n bá pè é lólè, ta ló máa bá a fọ orúkọ náà?

"Ẹ jẹ́ ká padà sí àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Mà," Àrìnkẹ́ wí. "Kí lẹ jẹ?"

"Òrùka ni mò ń sọ, oúnjẹ lò ń bèèrè!"

"Ẹni tó bá rántí ohun tó jẹ, á rántí ibi tó jókòó sí."

Àlhájà mí kanlẹ̀. "Búrẹ́dì àti ẹyin, ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kò ládùn. Ọmọbìnrin yẹn yọ ata gígún tí ìyá ẹ̀ gún fún wa jáde, ìgbà náà ló tó ṣeé gbé mì. Ata yẹn dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn a wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní ká lọ wo erékùṣù kan. Òkun ru. Fàdìlàt bì sórí bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Bàtà tuntun," Hakeem kùn.

"Ọkọ̀ yí padà, a ò rí erékùṣù. A yà sí ọjà ẹja létí omi, ọmọbìnrin yẹn tẹ ìpẹ́ ẹja, ó yọ̀, ó fi ìdí jókòó sáàárín ẹja. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín." Àlhájà fọwọ́ nu ẹnu, bí ẹni pé ẹ̀rín ọjọ́ náà ń dùn ún. "Ebi wá ń pa wá. Àwọn ará Àlùjíríà kan ń ta kúskùsù àti ẹran àgùntàn níta gbangba, lábẹ́ agboòrùn ńlá. Ọwọ́ ni mo fi jẹ tèmi. Ìyá mi ò fi ṣíbí tọ́ mi. Mo bọ́ òrùka, mo ní, 'Ọmọ mi, bá mi dì í mú.'" Ó na ọwọ́ òfìfo sí Àrìnkẹ́. "Ọmọ mi ni mo pè é, Ìyá Eden!"

Eden ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àrìnkẹ́ bí. Ó mi orí, ó ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Afẹ́fẹ́ ìlú náà dé lójijì, àfi bíi pé wọ́n rán an. Ó fa agboòrùn tu, ó dà á lé tábìlì. Gbogbo wa sá. Hakeem ní ọkọ̀ kékeré tó ń gbéni gòkè ti fẹ́ lọ, a sáré wọ̀ ọ́, ọkọ̀ sì gbéra láìdúró de Hakeem tó ní ká sáré!"

"Mo sáré tẹ̀ lé e dé òkè," Hakeem wí.

"Òkè yẹn, níbi ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ti ń wo gbogbo ìlú, ibẹ̀ ni mo ti wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ òfìfo. Mo ní òrùka mi dà? Ó ní òun ti dá a padà. Ó dá a padà fún ta? Ọlọ́pàá wọn kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé èjìká sókè, ó parí."

Hakeem sún mọ́ wọn. "Àǹtí, mo ti ń sọ ọ́ fún Mọ́mì. Ọkùnrin kan tó ń ta gíláàsì ojú fà wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀. Ọkùnrin yẹn ló mú un."

"Ọwọ́ wo ló fà?"

"Ọ̀tún."

"Àlhájà, ṣé òrùka ti padà sí ọwọ́ ọ̀tún yín nígbà yẹn?"

"Ṣebí mo ti ní mi ò fi ojú kàn án mọ́!"

"A jẹ́ pé ọkùnrin yẹn fa ọwọ́ lásán. Ẹnikẹ́ni kì í bọ́ òrùka lára ìka tí kò wọ̀ ọ́." Àrìnkẹ́ dìde. "Mo dúpẹ́, Mà. Màá bá Fàdìlàt sọ̀rọ̀."

"Dúró." Àlhájà wọ kíṣìnnì, ó bu ẹ̀pà sínú ọ̀rá, ó lọ́ ọrùn ọ̀rá náà, ó ta á ní kókó, ó tún ta á, ó wá fi etí ọ̀rá tó kù bọ abẹ́ kókó náà. "Inú ń bí mi o, àmọ́ àlejò kì í ti ilé mi jáde lọ́wọ́ òfo."

Nínú mọ́tò, Àrìnkẹ́ fẹ́ jẹ nínú ẹ̀pà náà. Ó fi èékánná wá ojú kókó, kò rí i. Ó fi eyín kàn án, eyín sá padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fàdìlàt ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé. Ọmọ yunifásítì ni, ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Hakeem said ẹ fẹ́ rí mi."

"Òtútù ń mú ẹ ni?"

"A little."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kẹ́ ẹ tó lọ jẹun lọ́sàn-án, wọ́n wá ẹ tì nínú ọjà. Nígbà tó o padà dé, o ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú ẹ. Látìgbà tẹ́ ẹ sì ti dé Chicago, tí wọ́n bá ti dárúkọ Marseille, o máa ń kúrò níbẹ̀. Níbo lo lọ?"

"Àǹtí, wallahi mi ò mú òrùka."

"Mi ò ní o mú òrùka. Mo ní, ṣé ihò imú ẹ ti jinná?"

Fàdìlàt ranjú. Ó rọra sọ ìbòmú kalẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ bínńtín kan ń dán ní ìhà imú rẹ̀. "Please, Àǹtí. Mọ́mì máa pa mí."

"Wọn ò ní pa ẹ́. Wọ́n á kàn máa sọ ọ́ títí wàá fi dàgbà." Báyìí ni ìfura kan kú nínú ọkàn Àrìnkẹ́, inú rẹ̀ sì dùn pé ó kú. "Fi fọ́tò ọjọ́ yẹn hàn mí."

Wọ́n jọ wo fóònù. Bàtà Hakeem. Mutmainnah láàárín ẹja. Nígbà tó yá, tábìlì oúnjẹ ọ̀sán: Àlhájà ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú kúskùsù, Mutmainnah lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkúùkù kan tó dì pinpin.

"Kò pẹ́ lẹ́yìn tí mo ya eléyìí ni afẹ́fẹ́ dé," Fàdìlàt wí. "It was crazy. Èmi ni mo gbá gbogbo nǹkan orí tábìlì sínú báàgì. Gíláàsì mi, fóònù Mọ́mì, ata, everything. Mi ò tiẹ̀ wò ó."

"Kí lẹ jẹ lálẹ́?"

"Ọbẹ̀ ẹja. Ó tẹ́ bí omi. But ta ló máa ní kí n yọ ata? Mọ́mì ti ní àwọn ò ní fẹnu kan nǹkan ìyá Mutmainnah mọ́. Bí a ṣe délé báyìí ni wọ́n di gbogbo ẹ̀ fún Bọ̀dá Hakeem pé kó lọ dá a padà."

Àrìnkẹ́ ní kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí òun. Ó yí aago ọkọ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ orí mọ́tò sí gúúsù.

Ní Lansing, Kàfáyàtù, ìyá Mutmainnah, ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì.

"Ṣé ẹ wá yẹ inú ilé wa wò ni? Ẹ wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ̀yin la wá kí, Ìyá Mutmainnah."

"Ọmọ tí bàbá ẹ̀ kú tí mo fi iṣẹ́ alẹ́ tọ́, tí mo ń tọ́jú àwọn arúgbó kó lè kàwé! Òun ni wọ́n wá ń pè lólè lórí fóònù gbogbo Chicago. Mo ti sọ fún un: a ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò jalè kì í tọrọ àforíjì."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó," Mutmainnah wí láti ẹ̀yìn. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Àrìnkẹ́, ó sì dìde dúró ṣánṣán. Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n kò sí omi kankan níbẹ̀.

"O ní o dá a padà," Àrìnkẹ́ wí. "Fi yé mi."

"Wọ́n ti fẹ́ jẹun tán. Mo fẹ́ lọ bá wọn bu omi ìfọwọ́ wá nínú ilé oúnjẹ, mi ò sì fẹ́ kí òrùka bọ́ sómi. Mo ní, 'Mà, òrùka yín rèé.' Wọ́n mi orí sí mi."

"O fi lé wọn lọ́wọ́?"

"Rárá, Mà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà nínú oúnjẹ. Ṣé kí n wá fi òrùka Àlhájì lé wọn ní ọwọ́ òsì ni? Ìyá ọkọ mi?" Ó ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń rí lára. "Mo fi síwájú wọn, sínú àwo kékeré funfun kan, kó má baà yí lọ. Ìgbà tí mo máa gbé omi jáde, agboòrùn ti wó lé tábìlì. Mo rò pé wọ́n ti wọ òrùka wọn."

"Àwo kékeré funfun. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mutmainnah fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òbìrí. Kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ.

Àrìnkẹ́ yọ fóònù, ó fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Fi àwo funfun yẹn hàn mí níbí."

Ọmọbìnrin náà wò ó. Àwo kúskùsù, amọ̀ pupa. Àwo ọbẹ̀, amọ̀ pupa. Ife tíì pàápàá, amọ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù yí lẹ́nu. "Kò... kò sí níbẹ̀, Mà. Àmọ́ mo rí i! Mo fọwọ́ ara mi fi òrùka sínú ẹ̀!"

"Ẹ rí i?" Kàfáyàtù bú jáde. "Ohun tí wọ́n máa sọ náà nìyẹn, pé irọ́ ló ń pa!"

"Kò parọ́. Ilé oúnjẹ yẹn kò ní àwo funfun kankan, nítorí náà ohun tó rí kì í ṣe ti ilé oúnjẹ. Wo ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá Àlhájà. Kí nìyí?"

"Ike ata wa."

"Ó wà ní ṣíṣí. Ìdérí rẹ̀ dà?"

Mutmainnah gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ìdérí ike náà funfun, ó rí róbótó, wọ́n sì ti gbé e sórí tábìlì, inú rẹ̀ sókè, bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń bu ata; àwo kúskùsù ló bò ó nínú fọ́tò.

"Ìwọ lọ bu omi," Àrìnkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Ìjì dé. Fàdìlàt gbá ohun gbogbo, kò wò. Ó gbé ìdérí, ó dojú ẹ̀ dé ike. Ohun tó wà nínú ìdérí, níbo ló máa bọ́ sí? Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tọ́ ata wò, nítorí ìjà ti ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ṣí i. Àbí ẹ ti ṣí i, Ìyá Mutmainnah?"

Orí fíríìjì ni Kàfáyàtù ń wò. Ọ̀rá dúdú kan wà níbẹ̀, eruku ti fẹ́ẹ́ bà lé e. "Mo fọwọ́ ara mi gún ata yẹn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Wọ́n dì í padà ránṣẹ́ sí mi bí ìdọ̀tí. Mi ò lè tú u. Mi ò sì lè dà á nù."

Mutmainnah ti fò dìde.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Àrìnkẹ́ kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi dúró gbagidi. Ó lọ síbi fíríìjì, ó bẹ̀rẹ̀ láti wo ọrùn ọ̀rá náà. Kókó lórí kókó, etí ọ̀rá ní abẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ wà nínú mọ́tò, kò tíì jẹ́ kí òun tọ́ ẹ̀pà òun wò.

"Bí a bá tú u níbí, Àlhájà á ní ilé yín ni òrùka ti wà látọjọ́ yìí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá tú u, kókó tó ta ló máa jẹ́rìí. Ìyá Mutmainnah, bí ẹ bá jẹ́ obìnrin tó máa ń gbójú fo nǹkan, ẹ ì bá ti tú ọ̀rá yìí tipẹ́, ọmọ yín ì bá sì ti di olè. Bí ẹ kò ṣe rẹ ara yín sílẹ̀ yẹn ló gbà á là."

"Tí kò bá wá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Àrìnkẹ́ yí aago náà po. "A jẹ́ pé èmi ni ojú máa tì."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn wà ní pálọ̀ Naperville. Kàfáyàtù fi aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀ wọlé, ó sì gbé ọ̀rá náà síwájú bí ẹni gbé adé. Ṣùgbọ́n Mutmainnah ni gbogbo ojú ń wò. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, orí sókè. Kò kúnlẹ̀, kò kí. Hakeem gbé ojú lé ilẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ ilé ti tán?" Àlhájà bèèrè.

"Wọ́n ní olè ni mí, Mà. Olè kì í kí onílé."

Kó tó di ìjà, Àrìnkẹ́ gbé ọ̀rá náà lé orí tábìlì. "Àlhájà, ẹ wò ó. Ta ló ta kókó yìí?"

Àlhájà wò ó, ó fọwọ́ pa á. "Èmi ni. Ìyá mi tó ń rán aṣọ ló kọ́ mi. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ta."

"Wọ́n ti tú u rí?"

"Ẹni tó bá tú u, kò ní lè tún un ta." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, kò sì mọ̀ pé ẹ̀rí lòun ń jẹ́.

"Ẹ tú u."

Ìka àgbàlagbà náà mọ ọ̀nà. Kókó já. Ó yọ ike jáde, ó yí ìdérí rẹ̀, òórùn ata sì gba pálọ̀ kan. Hakeem sín. Fàdìlàt sín títí ìbòmú rẹ̀ fi bọ́, kò sì sẹ́ni tó ráyè rí imú rẹ̀.

Ata pupa nìkan ló wà lókè. Kàfáyàtù di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ẹ fọwọ́ bọ̀ ọ́, Mà. Ọwọ́ ọ̀tún."

Àlhájà ti ọwọ́ bọ inú ata. Ó rò ó. Ó dúró. Nígbà tó máa fa ọwọ́ jáde, ohun tó mú, pupa lára pupa, kò ṣeé dá mọ̀ àfi bí ata ṣe ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀ tí wúrà sì ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Àrìnkẹ́ rọra sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ọwọ́ tó wà nínú oúnjẹ, ọmọ tí kò fẹ́ fi nǹkan lé ìyá ọkọ lọ́wọ́ òsì, ìdérí, ìjì.

"Ìdérí tó sọ ọ́ di olè," Fàdìlàt wí, ó sì ń sunkún gidi, "èmi ni mo dé e."

Àlhájà wo òrùka náà pẹ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó lè jẹ́ ata. Ó fi ọwọ́ òsì mú fóònù, ó ní kí Hakeem ṣí ojú ibi tí ẹgbẹ́ àsálátù wà, ó sì tẹ ibi ohùn.

"Àsàlámù aléékùm, ẹ̀yin ìyá mi. Rùkáyátù ni. Ohùn tí mo fi sọ ti ọjọ́sí ni mo fi ń sọ eléyìí. Òrùka mi ti jáde. Ọ̀rá tí èmi fọwọ́ ara mi dì ló ti jáde. Mutmainnah ọmọ Kàfáyàtù kò jalè. Iyì tó fẹ́ bù fún mi ló kó o sí wàhálà. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ tàkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó sọ fóònù kalẹ̀. Nígbà náà ni Mutmainnah rìn wọ àárín pálọ̀, ó sì fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Mà."

Àlhájà na òrùka sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi nà á, ata sì bò ó dé ọrùn ọwọ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi dì í mú. Mo fẹ́ lọ fọwọ́."

Mutmainnah fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Àlhájà wọ kíṣìnnì lọ, wọ́n gbọ́ tí omi ń ṣàn. Ó fọ ọwọ́ náà pẹ́, kò sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.